Ọpẹ́ Lẹ́yìn Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Stamford Hill, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn Júù Hásídì, ìyẹn ẹ̀yà Júù kan tí ó di òfin ẹ̀sìn mú ṣinṣin, pọ̀ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, Bàbá tí mò ń tọ́jú jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì fi ife ọlọ́wọ́ méjì bu omi sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí ti òsì, títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó nu ọwọ́, ó di ògiri mú, ó sì ka àdúrà Asher Yatzar láìkánjú. Àdúrà náà ń yin Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n dá ènìyàn, tí ó dá ihò àti àlàfo sí i lára, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣí tàbí tí ọ̀kan bá dí lọ́nà àìtọ́, ẹni náà kò ní lè dúró níwájú Rẹ̀.

Ọmọ ìjọ ni mí láti kékeré, mo ti gba àwẹ̀, mo ti ṣe ìṣọ́ òru, ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé ìtọ̀ tí ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dúpẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí aláìsàn tí ìtọ̀ há mọ́ nínú kò ní jiyàn.

N kò di Júù, Bàbá kò sì rọ̀ mí rí. Àmọ́ kí n tó kúrò lórí ibùsùn láàárọ̀ báyìí, èmi náà a máa dúpẹ́ lédè Yorùbá, bí àwọn Júù ti máa ń ṣe bí wọ́n bá jí, pé Ọba alààyè dá ẹ̀mí mi padà.