Títọ ipasẹ̀ Totò ní ìlú Naples

Ìlú Róòmù ni Totò, òṣèré apanilẹ́rìn-ín ará Ítálì, kú sí, àmọ́ Naples lẹ ti máa mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Cavour tàbí Museo. Ẹ sọdá Via Foria, kí ẹ wọ Via Vergini, níbi tí ọlọ́jà ti máa ń dí ọ̀nà ní àárọ̀. Ibẹ̀ ni àdúgbò Sanità ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba Corso Amedeo di Savoia, wọ́n á sì bá ara wọn lórí afárá. Òkè àdúgbò náà ni afárá yìí gbà kọjá. Òrùlé nìkan ni wọ́n á máa wò. Ẹ má padà sẹ́yìn: lífíìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tó máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fẹsẹ̀ gba àtẹ̀gùn.

Nọ́ńbà 109, Via Santa Maria Antesaecula, ni wọ́n bí Totò sí ní ọjọ́ 15 oṣù kejì, 1898. Ẹ wo òkúta àkọlé tó wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹ má kan ilẹ̀kùn, èèyàn ń gbé ibẹ̀. Orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, Clemente, ló kọ́kọ́ jẹ́, torí bàbá rẹ̀, ọmọ ìdílé ọlọ́lá de Curtis, kò tètè gbà á lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra. Ní 1933 ó jẹ́ kí ọlọ́lá mìíràn gba òun ṣọmọ, ó sì gbé ọ̀rọ̀ oyè lọ sílé ẹjọ́ títí wọ́n fi fọwọ́ sí i pé ọmọ aládé ni. Síbẹ̀ òun náà ló kọ ewì ''A livella', níbi tí agbálẹ̀ ìgboro ti sọ fún ọlọ́lá tí wọ́n sin tì í pé ikú ti sọ àwọn méjèèjì di ọgbọọgba. Òpópónà yìí gan-an ló yẹ kéèyàn ti kà á.

Orí ìtàgé kéékèèké ló ti kọ́ iṣẹ́: fìlà dúdú róbótó, kóòtù tó tóbi jù, ṣòkòtò tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀, okùn bàtà ló fi ṣe táì. Yóò yọ ọrùn jáde, yóò tún fà á wọlé, bí ọmọláńgidi tí wọ́n ń fi okùn fà. Ó bọ́ sínú sinimá ní 1937, fíìmù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún.

Ojú rẹ̀ kan ti fọ́ tipẹ́. Ní 1957, ní Palermo, èkejì ṣókùnkùn mọ́ ọn lójú lórí ìtàgé. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀: á bọ́ awò dúdú rẹ̀ bí kámẹ́rà bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á ṣeré tán, á tún gbé e wọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá yàtọ̀ nínú àwọn fíìmù ìgbà yẹn, òṣèré mìíràn, Carlo Croccolo, lẹ ń gbọ́. Totò kò rí ẹnu ara rẹ̀ lójú àwòrán mọ́ láti fi ohùn bá a mu.

Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, 1967. Wọ́n ṣe ìsìnkú ní Róòmù, wọ́n ṣe é ní Naples, àwọn ará Sanità sì tún ṣe tiwọn ní oṣù karùn-ún pẹ̀lú pósí òfìfo.

Itẹ́ òkú Santa Maria del Pianto ló wà. Ẹ sọ orúkọ náà dáadáa fún awakọ̀, torí itẹ́ òkú pọ̀ lágbègbè Poggioreale. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí wọ́n má baà ti géètì mọ́ yín. Nínú ibojì ìdílé rẹ̀ ni Liliana Castagnola náà wà, òṣèrébìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀, tó sì kú ní 1930. Orúkọ obìnrin yìí ni Totò sọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1933.