Ẹ̀mí La Rí Gbà

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dúpẹ́ o. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ó jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́: èmi, bàbá àwọn ọmọ mi, àti màmá rẹ̀ tó wá láti Orlu. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí la rí gbà. Ẹ̀mí la rí gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ní Tákíè níbi tó ti ń ta páàtì mọ́tò, bí kò bá sọ fún yín, ẹ ò lè mọ̀ pé Íbò ni. Yorùbá ló fi ń nájà, òun náà ló fi ń ṣépè fún ọlọ́kadà.

Ọmọdé ni nígbà ogun Biafra. Ìjọba dí ọ̀nà ilẹ̀ àti ti òkun. Nígbà tí Port Harcourt sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Biafra ní May 1968, ebi wá di ogun kejì. Alángbá di ẹran ọbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ mi wú, irun rẹ̀ pọ́n, kwashiorkor ti wọ̀ ọ́ lára.

Òru ni bàálù àwọn ìjọ Ọlọ́run máa ń gbé oúnjẹ wá sí Uli, títì mọ́tò tí wọ́n sọ di pápá bàálù. Àfi tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀ ni wọ́n tó ń taná. Kíá ni wọ́n á tún pa á, nítorí àwọn tó ń ju bọ́ǹbù. Bí wọ́n bá já ẹrù tán, wọ́n á kó àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ sí Gabon, São Tomé tàbí Côte d'Ivoire.

Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ Màmá. Ó fa èyí tó ń kú lọ lé wọn lọ́wọ́, ó sì pọn àbúrò rẹ̀ obìnrin padà sílé, torí ara ìyẹn ṣì le. Wọ́n so bébà orúkọ mọ́ ọkọ mi lọ́rùn ọwọ́. Màmá ní òun ò sunkún lójú rẹ̀. Òun kàn ń fa ẹ̀wù rẹ̀ sísàlẹ̀ ṣáá, kí ikùn tó wú yẹn má baà hàn.

Àbúrò yẹn ló kú, kí ogun tó parí ní January 1970. Màmá kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín ìparí 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1971, ọmọ tó lé ní 5,000 ni wọ́n kó padà láti Gabon àti Côte d'Ivoire. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ti sanra, ó ń sọ Faransé. Kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀, ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì ló sá sí. Màmá bá jókòó sílẹ̀, kò pè é, kò fà á, títí ó fi rìn wá bá a fúnra rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé abiyamọ wo ló ń gbé ọmọ fún àjèjì lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí mi. Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí yìí ni àkọ́bí mi lọ gbé nílé ìwé, mo sì sunkún débi pé aládùúgbò wá bá mi kẹ́dùn. Ọlọ́run tó fún obìnrin yẹn lọ́kàn lóru ọjọ́ náà, Òun là ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ẹ yà sílé wa. Àmàlà láfún wà, ọbẹ̀ pánlá náà wà, Màmá ló ní ká sè é. Ẹ sáà bu ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán o. Tí ẹ bá ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú abọ́ níwájú ọkọ mi, mi ò ní bá yín bẹ̀ ẹ́.