Wọ́n ń kọ́ Odù ní kíláàsì, wọ́n ń pe ọmọ babaláwo ní kèfèrí

Tí èèyàn bá gbọ́ pé wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ onílẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀, Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Tèmi ò jìnnà tó yẹn. Ilẹ̀ Yorùbá níbí náà ni, ìlú kan tó súnmọ́ Òṣogbo, àwọn tó sì ṣe é fún mi, Yorùbá bíi tèmi ni gbogbo wọn. Babaláwo ni bàámi, babaláwo ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, màámi ń bọ Ọ̀ṣun. Tó bá di ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, bàámi á tẹ́ ẹní láàárọ̀ kùtù, wọ́n á dá obì, tó bá ti yàn wọ́n á fún wa jẹ, lẹ́yìn náà a ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó di sùkúù. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú èyí tó yẹ kéèyàn máa fi pamọ́, àfìgbà tí mo dé sẹ́kọ́ńdírì.

Ní asẹ́ńbílì wa, àwọn onígbàgbọ́ ló ń gbàdúrà Monday sí Wednesday, àwọn mùsùlùmí ló ni Thursday àti Friday. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fi sùkúù yẹn yangàn pé kò sí ojúsàájú ńbẹ̀ o. Tó bá wá kan period CRK àti IRK, ìyẹn ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí, kíláàsì á pín sí méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tíṣà ní kí n mú ọ̀kan, mo ní Ifá là ń ṣe nílé wa, gbogbo kíláàsì bá pariwo "haaa!", tíṣà ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí táìmù-tébù, kí n wọ CRK àbí kí n lọ máa gé koríko lẹ́yìn kíláàsì. Mo gé koríko títí ọwọ́ mi fi bó, ìgbà tó yá mo wọ CRK. Títí dòní mo mọ ìtàn Jósẹ́fù àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dáadáa, ìtàn tó dùn ni, mi ò ní nǹkan kan sí i. Ohun tó dùn mí ni pé ní gbogbo ọdún tí mo lò ńbẹ̀, kò sẹ́nì kankan tó bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ ìwọ náà nílé.

Mo ti dàgbà kí n tó ka òfin ilẹ̀ wa, ti 1999 tá a ń lò yìí. Section 38 là á mọ́lẹ̀: wọn ò gbọ́dọ̀ fi dandan mú ọmọ sùkúù kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiẹ̀, tàbí tí òbí ẹ̀ ò fọwọ́ sí. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe bí mi nídìí koríko lọ.

Àmọ́ kíláàsì Yorùbá ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹsẹ Ifá wà lára lítíréṣọ̀ alohùn tí wọ́n ń kọ́ wa, ìyá tó ń kọ́ wa wá ní ká ka ojú Odù mẹ́rìndínlógún, àwọn orí ńlá tí ẹsẹ Ifá pín sí, sórí torí ìdánwò. Wọ́n kọ Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n yíjú sí wa, wọ́n ní ta ló mọ èyí tó kàn. Látìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, bàámi á máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ sínú ìyẹ̀ròsùn lórí ọpọ́n, èmi á jókòó tì wọ́n, màá máa pè é bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tí mo bá ṣì í pè wọ́n á fi ọwọ́ pa á rẹ́, a ó tún un ṣe látòkè. Ẹnu mi ti là báyìí, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wá rí àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, wọ́n ń dúró dè mí ni, kí n kàn ṣe "Ì" ni wọ́n ń retí kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ "ọmọ aláwo, ọmọ kèfèrí" tí wọ́n máa ń fi ṣe orin. Mo panu dé. Ọmọ pásítọ̀ kan na ọwọ́, ó sọ Ìrosùn, ó sọ Ọ̀wọ́nrín, ó fo Ọ̀bàrà kọjá, ìyá wa ní ká pàtẹ́wọ́ fún un, a pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́, ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan fún mi o. Ṣùgbọ́n lẹ́nu tiẹ̀ lítíréṣọ̀ ni, lẹ́nu tèmi ìbọ̀rìṣà ni, ohun kan náà, kíláàsì kan náà.

Orúkọ náà ńkọ́. Ifábùnmi ni wọ́n sọ mí, tíṣà kan kọ Olúbùnmi sínú rẹ́jísítà, ó ní òun ń ṣe mí lóore ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti yọ Ifá kúrò tí wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò, mi ò dá wọn lẹ́jọ́, mo mọ ohun tí ojú ọmọ ń rí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gé ìdè Ifá, ìlẹ̀kẹ̀ tí mo so mọ́ ọwọ́, vice principal fúnra wọn, lójú asẹ́ńbílì. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ òsì, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé òwú ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n sínú yanrìn, mo bẹ̀rẹ̀ pé kí n ṣà á wọ́n ní kí n fi ìdọ̀tí yẹn sílẹ̀. Ẹni tó dúró ṣáájú mi lórí ìlà ní ṣéènì àgbélébùú lọ́rùn, ẹlòmíì ní tẹ̀sùbáà nínú àpò, kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò. Bàámi ò lọ bá wọn jà. Wọ́n kàn sín òmíì fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí n so ó mọ́ ẹsẹ̀, kí n fi sọ́kì bò ó. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn títí mo fi jáde.

Fíìmù náà dá kún un. Babaláwo inú fíìmù á wọ aṣọ pupa, agbárí èèyàn á wà níwájú ẹ̀, á ní kí wọ́n lọ pa ìyá wọn wá. Bùbá funfun ni bàámi ń wọ̀, ewé àti obì ló kún ilé wa. Síbẹ̀ tí rédíò bá ti sọ pé ọlọ́pàá mú àwọn tó ń ṣe ògùn owó, àyà mi á já, torí tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n máa bi mí níta pé bàbá ẹ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì mú wọn?

Ní 2005 UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára ohun iyebíye tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ohun àjogúnbá àgbáyé. Ẹ wá wo Òṣogbo ní August tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, òyìnbó, ará Brazil, àwọn olóṣèlú, kámẹ́rà lọ́tùn-ún lósì. Màámi máa ń wà láàárín àwọn tó ń kọrin tẹ̀lé Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun. Àwọn aráàdúgbò wa náà máa ń lọ ya fọ́tò ńbẹ̀, inú wọn á dùn, tá a bá wá padà délé wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ wọn jẹ oúnjẹ tí màámi bá sè. Ìyá kan máa ń dúpẹ́ dáadáa, á gba abọ́, a ó wá bá ẹ̀wà lẹ́yìn ilé wọn tí adìyẹ ń ṣa á jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní 2023, ní Ìlọrin, wọ́n ní kí ìyálọ́rìṣà kan má dán an wò láti ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe, ìyẹn ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà le débi pé Wole Soyinka kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà Ìlọrin. Àwọn ìbátan wa tó ń bọ òrìṣà ní Brazil ò sinmi náà. Ní 2015 ní Rio, ọmọbìnrin ọdún 11 kan ń ti ilé òrìṣà bọ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n sọ òkúta bà á lórí. Ní Salvador, ní Brazil náà, ìyálọ́rìṣà kan tó ń jẹ́ Mãe Gilda kú ní January 21, 2000, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ìjọ kan gbé fọ́tò ẹ̀ jáde pé oníjìbìtì ni, tí àwọn èèyàn sì wá kọ lù ú nílé òrìṣà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba wọn ṣe òfin ní 2007, wọ́n sọ ọjọ́ ikú ẹ̀ di ọjọ́ gbígbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwa tá a ni orírun ẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí ni pé ọmọkùnrin mi fẹ́ wọ sùkúù tuntun n'Ìbàdàn. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo dé ibi ẹ̀sìn, àpótí méjì péré ló wà ńbẹ̀, Christianity àti Islam. Mo fi báírò ya ìkẹta, mo kọ Ìṣẹ̀ṣe sí i, mo fi máàkì sí i. Ìyá tó ni sùkúù pè mí, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, wọ́n ní "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn mú ọ̀kan, àwọn òbí yòókù ò ní fẹ́ gbọ́ irú èyí." Mo ní mi ò lè mú ọ̀kan ma. Mo ní ohun mẹ́ta ni mò ń tọrọ: kí ọmọ mi jókòó sí láíbìrì kó máa kàwé nígbà tí CRK bá ń lọ, kí tíṣà kankan má pè é ní kèfèrí, kí wọ́n sì kọ August 20, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, sórí kàlẹ́ńdà sùkúù bí wọ́n ṣe kọ Kérésì àti Iléyá. Ó ṣáà ti di ọjọ́ tí ìjọba ń fún wa lólidé báyìí, ní 2023 Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ló fún wa, Monday 21 ni wọ́n gbé e sí torí Sunday ni 20 bọ́ sí. Inú ọlidé gígùn ló máa ń bọ́ sí, kò ní gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ìdí yẹn náà ni kò fi sí ọmọ tó ń gbọ́ ọ nílé ìwé.

Wọ́n gbà sí ti láíbìrì. Méjì tó kù, wọ́n ní tí wọ́n bá wọlé ní September àwọn òbí máa jókòó lé e lórí. Mo ti kọ lẹ́tà tèmi sílẹ̀, ojú ìwé kan péré, section 38 ló wà lókè ẹ̀, ọkọ mi náà ti fọwọ́ sí i. Oníṣẹ̀ṣe tó bá ní ọmọ ní sùkúù tó sì fẹ́ ẹ̀dà kan, kó béèrè lọ́wọ́ mi, orúkọ ọmọ ẹ̀ nìkan ló máa pààrọ̀ ńbẹ̀.