Ọjọ́ tí Koríko Sọ Mí Di Olóògùn

Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi gé koríko iwájú ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde ló fà á. Ó gé e tán, ó ní bí òun yóò bá kó o dànù, owó ìyẹn ọ̀tọ̀. Mo wò ó lókè délẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, kí n sanwó kí wọ́n gbé koríko mi lọ, kí n tún wá sanwó ìgbẹ́ adìyẹ tí n ó fi sídìí tòmátì? Mo ní kó dà á sẹ́yìnkùlé. Mo ṣáà ti gbọ́ pé koríko tó bá jẹrà a máa di ajílẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù kẹfà ni, òjò ò dá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé koríko, ẹ̀ẹ̀mẹta la dà á lé ara wọn ní tútù, òkìtì náà dé àyà mi. Mo fi tápólì bò ó, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé e, mo ń retí ajílẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Ó ń ta nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú póò, ó sì tún ń ṣe bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìyàwó mi ní àfi bí eku bá kú sí àjà. Ìyá Alákàrà, tí fẹ́ǹsì nìkan là wá láàárín, bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọmọ mi pé, "Bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ń sùn lóru?"

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Tútù nìkan lo kó jọ? Á lẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn ò ní ráyè wọ̀ ọ́, kí ló fẹ́ ṣe tí ò ní rùn? Wá ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀ pákó. Koríko apẹ̀rẹ̀ kan, gbígbẹ apẹ̀rẹ̀ méjì, kí o sì máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ó wá fi kún un pé kí n ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí oòrùn. Ìmọ̀ràn tó kó bá mi nìyẹn.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo ró ìró ìyàwó mi, n ò wẹ̀wù, mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Àpò ìyẹ̀ pákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ká tápólì: koríko ti dúdú, ó ń yọ̀ bí ìkọ́kọrẹ́ àná (kí ará ilé má gbọ́). Mo ti ṣọ́bìrì bọ àárín rẹ̀, mo gbé e sókè, ni èéfín funfun bá bú jáde, ó kọjá orí mi. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sáré fà á yọ. Àṣé koríko lásán lè gbóná tó báyìí! Mo ń pariwo pé, "Ó ti ń jinná! Ó ti ń jinná o!" Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi, ohun tó jáde ò yàtọ̀ sí ọfọ̀.

Bí mo ṣe gbójú sókè, orí Ìyá Alákàrà ló wà lókè fẹ́ǹsì. Wọ́n ti jí láti bó ẹ̀wà. Wọ́n wo èéfín, wọ́n wo ìró, wọ́n wo àpò.

"Ẹ gbà mí o! Ó ti ń sè é o!"

Ọdẹ àdúgbò ló kọ́kọ́ dé, géńdé mẹ́rin tẹ̀ lé e. Wọn ò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Wọ́n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, wọ́n tú òkìtì náà dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń wá òkú. Kí wọ́n tó gbà pé koríko ni, wọ́n ti tú u ju bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí lọ. Èmi náà ò fi àkókò ṣòfò, mo ń da ìyẹ̀ pákó sí i bí wọ́n ṣe ń tú u. Lébìrà mẹ́rin, n ò san kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó dúdú, ó ń rún lọ́wọ́, òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ló ń gbé jáde. Mo fọ́n ọn fẹ́lẹ́ sórí koríko iwájú ilé, mo bu ìyókù sídìí tòmátì. Ìyá Alákàrà ń wò mí láti orí fẹ́ǹsì fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí tòmátì yọ òdòdó, wọ́n rán ọmọ wọn sí mi pẹ̀lú garawa méjì, wọ́n ní ata wọn ò ṣe dáadáa.

Inú garawa tutù. Mo bi ọmọ náà léèrè omi tó wà níbẹ̀.

"Omi àdúrà ni, sà. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."