Abọ́ arère àti ìkòkò aró

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ẹ̀pẹ́

Ọwọ́ mi ò tíì mọ́. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ abẹ́ èékánná mi ṣì dúdú bíi ti ẹni tó jí re aró. Inú mi dùn sí i, torí ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń wá àwọ̀ yìí kiri.

Ohun tí mò ń wá kò ju báyìí lọ: kí abọ́ igi tí mo gbẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń yí igi bí irin ṣe ń fá a, kó dúdú bí àdìrẹ tí ìyá mi máa ń ró lọ sọ́jà, kí ìlà igi sì ṣì máa hàn níbẹ̀. Ọ̀dà ò lè ṣe é. Ọ̀dà ń bo igi ni, aró ń wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó kun ọ̀dà lè fi iṣẹ́ tí kò dáa pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n aró máa ń tú àṣírí. Gbogbo ibi tí irin ti ya fọ́nrán igi, gbogbo ibi tí sáńpépà ò dé, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sá lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti dúdú jù.

Aró oníyẹ̀fun, irú èyí tí àwọn tó ń hun ẹní ń rà lọ́jà, ni mo kọ́kọ́ fi dánwò. Mo pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo fi àkísà pa á lára abọ́ arère kan. Bí omi ṣe kàn án, irun igi dìde ṣánṣán bí ara adìẹ tí òjò pa. Ìyẹn ò le: ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán pa igi lára, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sáńpépà 240, èyí tó kúnná, ha á wẹ́rẹ́ kí aró tó dé ibẹ̀, kò tún ní dìde tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó dùn mí ni àwọ̀ náà. Búlúù ni mo pò, àwọ̀ ewé ni mo rí. Ara arère ò funfun, ó pọ́n díẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè bí ògì ọjọ́ kẹta. Búlúù sì rèé, bó bá bọ́ sórí ohun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ewé ló ń dà. Lápá méjì tí ẹnu igi ti kọjú sóde, ó mu aró ní àmuyó, ó di dúdú kirikiri bí ibi tí iná jó.

Mo gbé e lọ fún Màmá aláró tó wà nítòsí ọ̀sà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, ọkọ ló gbé wọn dé Ẹ̀pẹ́, wọn ò sì fi èlú, ewé tí a fi ń ṣe aró, sílẹ̀ láti ìgbà yẹn.

"Màmá, ó di àwọ̀ ewé mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọ́n yí abọ́ náà lọ, yí i bọ̀. "Ṣebí dúdú náà ni," ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Lójú àwọn àgbà wa, funfun wà, pupa wà, dúdú wà. Aró wà lábẹ́ dúdú, ewé tútù wà níbẹ̀, àwọ̀ àtàlẹ̀ pupa sì jẹ́ ti pupa. A ṣáà ń wúre pé agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ẹyẹ mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo lọ kó orúkọ àwọ̀ méjìlá bọ orí, tí mo wá ń bá igi jà nítorí ọ̀kan nínú wọn.

Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá mi náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1856, ọmọ ọdún 18 kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Henry Perkin, ń wá bí yóò ṣe ṣe kuínìn, oògùn ibà, ló bá bá àwọ̀ àlùkò pàdé nínú ìgò rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n tọ̀ débi pé ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí kò rí ewé rí. Mi ò bá wọn jà. Òun kọ́ ni mo ń wá ni.

Màmá ní kí n gbé abọ́ mìíràn wá síbi ìkòkò wọn. Ewé èlú ni wọ́n gún, wọ́n ṣù ú, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí ó fi kan, òórùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo àgbàlá. Omi yẹn ò dúdú rárá. Nígbà tí a yọ abọ́ jáde, bí ewédú tó ti ṣá ló rí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n dákẹ́ kí n máa wò ó. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà fẹ́, etí abọ́ ló kọ́kọ́ yí padà, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá ń ṣú, títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú.

Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kó pẹ́ jù nínú ìkòkò. Igi mu omi yó, nígbà tó gbẹ ó wọ́, ó gùn ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹyin. Màmá wò ó pẹ́. "Aṣọ là ń fún. Báwo la ṣe fẹ́ fún igi?" Wọ́n ní kí n máa rì í lẹ́ẹ̀kan, kí n yọ ọ́ kíá, kí n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí n tó tún rì í.

Mo tún dá osùn wò láàárín ọ̀sẹ̀. Nínú omi, ńṣe ló rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrẹ̀, igi ò rí nǹkan gbà lára rẹ̀. Mo gbé e sínú sípíríìtì, ó pọ́n lójú ẹsẹ̀. Mi ò jẹ́ fi pọ́líìṣì oní-sípíríìtì lé e lórí mọ́, torí ó fà á rìn káàkiri. Òróró ni mo fi pa á. Àtàlẹ̀ pupa ní tirẹ̀ já mi kulẹ̀: mo fi páálí bo ìdajì pákó kan lójú fèrèsé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé tí oòrùn fi jẹ ìdajì yòókù tán.

Fún abọ́ ti òní, mi ò tíì gbẹ́ inú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e lọ síbi ìkòkò. Igi náà ṣì nípọn, kò sì wọ́. Rírì àkọ́kọ́, ewé. Ìkejì, ewé tó dúdú díẹ̀. Ìgbà kẹrin ni dúdú borí pípọ́n igi, tí ìlà arère sì ń hàn nínú rẹ̀ bí ojú omi lálẹ́.

Lọ́sàn-án yìí ni mo dá a padà sórí ẹ̀rọ, mo sì tẹ irin mọ́ inú rẹ̀. Fífá àkọ́kọ́ jáde ní dúdú, ìkejì funfun. Ní etí abọ́ níbi tí irin gé e, mo rí bí aró ṣe wọlé tó: ìlà kan ṣoṣo, kò nípọn ju èékánná lọ. Inú rẹ̀ ni mi ò ní fi nǹkan kan kùn. Màmá ní obì ni àwọn máa kó sí i.