Sígà àna mi, àti ẹjọ́ tí mo kánjú dá

Ẹyọ sígà márùn-ún ni àna mi kó fún mi nígbà tó wá sílé fún Ìwúdè, ọdún àwa Ìjẹ̀ṣà. Ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi imú mọ kòkó láti kékeré, ẹ bá mi tọ́ èyí wò, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀." Orí mi wú. Orí wíwú yẹn ló kó bá mi.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: sìgárẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń pè ní sìgá nílẹ̀ yìí, àfi bí ẹni gbé orúkọ ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Èyí tí mò ń sọ, ewé tábà lásán ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ká a. Kò sí bébà lára rẹ̀ rárá. Sígà ni n ó máa pè é. Ìlú Estelí ní orílẹ̀-èdè Nikarágúà ni wọ́n ti ká tèmi, ṣùgbọ́n àna mi sọ pé ilẹ̀ Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa níbí, ni ewé tí wọ́n fi bò ó lóde ti wá. Ínǹṣì 5 ni gígùn rẹ̀. Wọ́n ní 50 ni ìbú rẹ̀. Bí a bá pín ínǹṣì kan sọ́nà 64, 50 nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wí. Robusto ni wọ́n ń pe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Mo jù wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbàgbé wọn síbẹ̀. Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ Iléṣà tó ń la ètè ènìyàn, ṣé ewé ni kò ní là?

Ọjọ́ Ìsinmi kan, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, iyán ṣì wà nínú odó, mo ní kí n fi sígà yẹn ṣe fàájì díẹ̀. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilá ni mo fi gé e lórí. Láítà onípẹtiróòlù ni mo fi tanná sí i. Mo wá ń fà á bí àwọn ọmọ gáréèjì ṣe ń fa sìgá, mo ń gbé èéfín mì. Kó tó dé ìdajì, òógùn tútù ti bò mí. Mo di ògiri mú dé ìdí igi ọsàn, mo sì bì. Ìyàwó mi yọjú, ó wo sígà tó ń rú lórí ilẹ̀, ó wo èmi náà, ó ní, "Bàbá onísígà, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Lálẹ́ mo pe àna mi. Mo ní sígà rẹ̀ korò bí ewúro, ó ń ta lẹ́nu, kò dáa. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá."

"Níbo lẹ kó wọn sí láti ọjọ́ náà?"

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ò tíì mu sígà yẹn, Bọ̀ọ̀dá."

Ojú tì mí, nítorí bàbá mi ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ń ra kòkó, wọn kì í sì í gba ohun tí ẹnu àpò bá sọ gbọ́. Àárín àpò ni wọ́n máa ń ki ọwọ́ bọ̀. Wọn á gé hóró sí méjì gbọọrọ, wọn á gbé e sí ìmọ́lẹ̀: èyí tó bá rí bíi síléètì, kò kan rárá (ìyẹn ni pé wọn kò kó o jọ kó gbóná), èyí tó pọ́n bí àlùkò, kò kan tó, èyí tó ti bu, ojú á rí i. Àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa yẹ kòkó wò, hóró 300 ni wọ́n ń gé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pa kòkó lójú ọ̀nà, bàbá mi kì í dá owó lé e lọ́jọ́ náà. Wọn á ní kí olóko lọ sá a, kó padà wá.

Tábà náà ń kan bíi kòkó. Wọ́n á to ewé náà jọ gegere, inú rẹ̀ á gbóná, wọn á tú u, wọn á tún un tò. Èyí tí wọn kò bá fún láyè tó máa ń rùn bí ilé ìtọ̀. Tèmi kò rùn bẹ́ẹ̀, n ò kàn gbé imú sún mọ́ ọn kí n tó tanná sí i ni.

Nítorí náà, ìwọ tí wọ́n bá fún ní sígà tí o kò mọ̀ rí, ìtọ́jú ni kí o kọ́kọ́ mọ́jú tó. Ike tó dé pinpin ni mo kó mẹ́rin tó kù sí. Àna mi fi àpò kékeré kan ránṣẹ́ tó ń mú kí ọ̀rinrin inú ike dúró déédéé. Ibi tí wọ́n ń fẹ́ kó wà ni 65 sí 70 nínú 100. Má bu omi sí i, yóò bu. Má gbé e sínú fíríìjì: á gbẹ, á sì máa rùn bí ẹja tútù. Kí o má sì gbé e sún mọ́ àká kòkó. Kòkòrò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń lu hóró kòkó, Lasioderma serricorne lórúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, òun náà ló ń lu sígà ní ihò bí ẹnu abẹ́rẹ́. Mo ti bá a jà nílé bàbá mi, n ò fẹ́ tún bá a pàdé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fún wọn. Nígbà tí mo fi ìka méjì tẹ èkejì láti ìdí dé orí, ó rọ̀ díẹ̀, ó sì padà sípò. Ibì kan wà nítòsí àárín tó le bí eegun. Mo fi í sọ́kàn. Orí sígà máa ń dé fìlà kékeré kan. Ara fìlà yẹn ni kí o ti gé, má kọjá ibi tó parí sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé òde á tú sí ọ lọ́wọ́. Fà á wò kí o tó tanná sí i. Láítà onígáàsì ló dáa, iná ò sì gbọdọ̀ kàn án. Máa yí i lókè iná títí ìdí rẹ̀ á fi pọ́n yíká.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ti jẹ iyán yó. Omi tútù nìkan ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú kan kí n tó fà á lẹ́ẹ̀kan, èéfín kò kọjá ẹnu. Bí a bá pín sígà náà sí mẹ́ta, ìdá kìíní dùn bí ẹ̀pà yíyan. Ní ìdá kejì, mo gbọ́ òórùn ṣáàsùn tí wọ́n fi yan kòkó. Ó dé ibi líle yẹn, ó kú. Ṣé ti sígà ni àbí ti òfófó tí èmi àti aládùúgbò mi ń ṣe? Mi ò dájọ́.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa sígà á ní àwọn gbọ́ òórùn awọ àti igi kédárì. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí ẹnu rẹ bá mọ̀ nílé ìdáná rẹ ni kí o kọ sílẹ̀. Tèmi wà nínú ìwé tí mo fi ń ṣírò owó epo.

Oṣù karùn-ún ni mo mu ẹ̀kẹta, lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́. Kò kú rárá. Ìdá kẹta rẹ̀ ta bí ìyẹ̀rẹ̀, mo sì gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́ pa, ó kú fúnra rẹ̀. Mẹ́ta láti Ìwúdè, ó tó mi. Tábà ni, àìgbé èéfín mì kò ní kí jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun má mọ ilé. Sígà ńlá kan lè gba ìwọ̀n tábà tó wà nínú páálí sìgá kan. Òfin tábà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 sì ti ní a kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń lọ.

Mo wá pe àna mi padà. Mo ní ìdá méjì àkọ́kọ́ dára gan-an, ìdá kẹta kì í ṣe tèmi, bó bá sì jẹ́ owó ara mi ni, mi ò ní rà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń gbé oríṣi mìíràn bọ̀ lọ́dún yìí. Mo ní kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó má pè mí bi mí léèrè kó tó di oṣù karùn-ún.