Ta ló ń fọ díspẹ́ńsà ọ́fíìsì yín?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan ná. Ta ló ń fọ díspẹ́ńsà omi tó wà níbi iṣẹ́ yín? Kì í ṣe ẹni tó ń gbé ìgò lé e lórí o, ẹni tó ń fọ inú ẹ̀ gan-an ni mò ń bèèrè. Tẹ́ ẹ bá rò ó síwá sẹ́yìn tẹ́ ò rí orúkọ ẹnì kankan dá, ẹ kú oríire, èmi àtẹ̀yin la jọ wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Níbi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń pààrọ̀ ìgò omi torí èmi ni mo jókòó sún mọ́ ọn jù, kò sẹ́ni tó yàn mí, ó kàn jẹ́ pé tómi bá ti tán, ojú èmi ni gbogbo wọn á máa wò. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé èyí tó ti gbẹ kúrò, kọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ ni mo bá tan iná fóònù, ni mo bá ṣèèṣì tan iná yẹn sínú ihò tí ẹnu ìgò máa ń wọ̀. Hà! Mo rí nǹkan kan tó dà bí ewé rírà tó lẹ̀ mọ́ ara ike yẹn yíká, mo fi tísù nù ún, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kòkòrò kékeré kan tún kú sísàlẹ̀ níbẹ̀, apá ẹ̀ kan léfòó. Èyí tó sì ká mi lára jù ni pé omi tó jáde nínú ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà mọ́ gaara, ó tutù nini, ife mẹ́ta ni mo sì ti mu.

Mo lọ bá màmá tó ń tọ́jú ọ́fíìsì, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ fọ inú ẹ̀rọ omi yìí gbẹ̀yìn?" Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ara ẹ̀ níta ni wọ́n ní kí n máa nù. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan inú, kí n má bàa bà á jẹ́." Mo lọ bá ọ̀gá tó ń rí sí ẹ̀rọ àti àga, ó ní iṣẹ́ àwọn tó ń gbé omi wá ni. Àwọn tó ń gbé omi wá ní omi làwọn ń tà, ẹ̀rọ kì í ṣe tàwọn. Ọdún méjì àtààbọ̀ la ti ń mumi nínú nǹkan tí ò lólúwa.

Ẹ lè ní ṣebí ìgò yẹn ní ìdérí, ṣebí wọ́n dì í pa, ibo ni ìdọ̀tí wá gbà wọlé? Ẹ rántí gbùlù-gbùlù tó máa ń dún téèyàn bá ń pọn omi, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé lọ gba ipò omi tó jáde, afẹ́fẹ́ inú ọ́fíìsì yẹn náà ni o, eruku ẹ̀, ikọ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ tá a fi gbá ìgò lọ́rùn nígbà tá à ń gbé e lé e ńkọ́, èmi alára ò fọwọ́ rí kí n tó gbé e. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ẹnu ìgò tí wọ́n ti fi mu omi ni wọ́n á fi gún ẹnu táàpù. Tí kòkòrò àìfojúrí bá ti débẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ike, wọ́n á ṣe ìdọ̀tí tó ń yọ̀ yẹn bora bí aṣọ, omi lásán ò sì lè ṣí wọn nídìí mọ́, àfi búrọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá tún wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń pa ìgò, ẹ ti pèsè ilé àti oúnjẹ fún èyí tó máa ń hù bí ewé yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àsọdùn ni, pé òun ti ń mu ún tipẹ́, nǹkan kan ò ṣe òun. Ó dáa. Lọ́dún 1854, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa èèyàn ní Soho ní London, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow ń tọpa àwọn tó kú àtàwọn tí ò kú. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Broad Street, bí igba (200) òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá wọn sì ṣàánú wọn, wọ́n gbé àgbá méjì sílẹ̀ tí wọ́n ń pọn omi ẹ̀rọ ìfami òpópónà sí, wọn ò mọ̀ pé kọ́lẹ́rà ti wọnú omi náà, kẹ́ni tóùngbẹ bá ń gbẹ lọ bù. Èèyàn 18 ló kú nínú wọn. Lágbègbè yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ ọtí bíà kan wà, òṣìṣẹ́ wọn lé ní 70, kọ́lẹ́rà ò pa ẹyọ ẹnì kan, torí ọtí ni wọ́n ń fún wọn mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn nínú ọgbà. Ìyá àwọn tó ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn tiẹ̀ ti kó kúrò ládùúgbò, ó ti ń gbé ní Hampstead, àmọ́ omi Broad Street yẹn dùn lẹ́nu ẹ̀ débi pé wọ́n ń fi ìgò gbé e lọ fún un. Ó mu ún, ó kú. Omi tó dùn lẹ́nu èèyàn o, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀ gan-an ló ń gbé e ránṣẹ́ sí i.

Omi táàpù tó ń gba inú páìpù wá náà ní wàhálà tiẹ̀, pàápàá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Omi tó ti wà lójú kan nínú páìpù látọjọ́ Fúráídè, tí páìpù ọ̀hún bá ti gbó tí òjé (lead) wà lára ẹ̀, òjé yẹn á ti máa yọ́ wọ inú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò ní rí i, ẹ ò ní gbóòórùn ẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì sè é, kò ní kúrò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣàn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé ife sí i. Fíltà náà, tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti kọjá, òun fúnra ẹ̀ á di ibùgbé kòkòrò.

Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ síta. Ọ̀pọ̀ ló wà níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé wọn kì í mumi rárá látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kì í ṣe torí omi, torí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí tí wọn ò fẹ́ wọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ́ẹ̀, ife tíì kan ló máa ń mu láàárọ̀, ó tán, tó bá di aago mẹ́ta orí á máa fọ́ ọ, á ka lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé e, á wá máa ní iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Omi tó kúrò lára èèyàn ò tíì ní pọ̀ rárá tí ọkàn ò fi ní pa pọ̀ mọ́. Torí náà ọ̀gá tó bá ra díspẹ́ńsà olówó ńlá tó fi tọ́ìlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò tíì fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lómi mu o, lójú tèmi.

Èmi àti màmá la padà jọ fọ̀ ọ́. A yọ ọ́ kúrò lára iná, a jẹ́ kí apá tó ń gbóná tutù, a da gbogbo omi inú ẹ̀ nù, a fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ inú ihò yẹn. A po búlíìṣì díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀ bí ìwé tó bá ẹ̀rọ yẹn wá ṣe wí, a fi sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, a jẹ́ kó gba ẹnu táàpù méjèèjì jáde, lẹ́yìn náà la wá ń fi omi ṣàn án títí tí òórùn ẹ̀ fi lọ pátápátá. Abọ́ kékeré tó ń gba ẹ̀kán omi nísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ n sọ ohun tá a bá níbẹ̀. Kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ìwé yẹn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, inú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ló ṣì wà, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Màmá ló ní ká lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ká kọ déètì àti orúkọ ẹni tó fọ̀ ọ́.

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ tuntun, wọ́n ń fi ibi táa máa jókòó hàn wá, mo ti yà síbi díspẹ́ńsà, mo tan iná fóònù. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Inú ẹ̀ ò burú púpọ̀, àmọ́ kò sí déètì. Mo ti lẹ bébà mọ́ ọn. Títí dòní, orúkọ èmi nìkan ló ṣì wà lórí ẹ̀.